Ẹni Tí Mujeebah Kò Kí

Ọjọ́ tí Mujeebah fo Ìyá Haneefah kọjá lọ́jà Odò-Òrí, kì í ṣe pé kò rí i. Ó rí i kedere. Ó rí ìborùn aláwọ̀ ewé tó wé mọ́rí, ó rí àpò ọ̀rá tó gbé lé itan, ó sì rí i pé ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú obìnrin náà. Ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kí i.

Kì í ṣe ìgbéraga ló fà á. Òfin iṣẹ́ tó ń kọ́ ló ń tẹ̀ lé.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Mujeebah. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́rin ní Kuta kó tó padà sí Ìwó, kó lọ gba oyè kejì ní yunifásítì. Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ló ń kọ́, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, tí wọ́n ń gbọ́ ohun tó ní í sọ títí ẹni náà á fi lè dìde fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

"Kéèyàn jókòó kó máa gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́, ṣé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì?" ni bàbá máa ń wí. "Ìyá rẹ ń ṣe é lọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìyá rẹ̀, Fàtímọ̀, tó ń ta aṣọ ní Odò-Òrí, á ní kó fi ọmọ òun sílẹ̀.

Ìwé kíkà nìkan kò tó nínú ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá èèyàn gidi jókòó fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, kí olùkọ́ sì máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn kékeré kan nínú ìlú gba Mujeebah. Wọ́n kó páálí oògùn kúrò nínú yàrá kan lẹ́yìn, wọ́n gbé àga oníke méjì síbẹ̀, àti fáànù kan tí ọrùn rẹ̀ kì í yí ju apá kan lọ. Gbogbo ọjọ́ Àtàlátà ló máa ń jókòó síbẹ̀, tí á máa retí ẹni tí nọ́ọ̀sì bá darí sí i.

Nọ́ọ̀sì Tinúkẹ́ ló darí Ìyá Haneefah sí i. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Opó alùfáà kan ni, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé kéwú tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá. Wọ́n ti yí oògùn rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ náà kò wálẹ̀. Tinúkẹ́ bi í bóyá ó ń sùn. Ó ní oorun ti di nǹkan tí òun ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn.

"Ẹ lọ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn," ni Tinúkẹ́ wí. "Kì í gún abẹ́rẹ́."

Bó ṣe wọlé ni Mujeebah dìde lórí àga, tó kúnlẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Wọn kò kọ́ ọ ní ìyẹn ní yunifásítì. Inú obìnrin náà dùn.

"Àṣé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi síbí," ó wí. "Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń na ọwọ́ síni ni."

Ìwé kan wà tí ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Mujeebah ló sì tú u sí Yorùbá. Ó lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ ńlá ńlá síbẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú débi pé ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Moṣọpẹ́, tí wọ́n jọ ń kàwé, gba ẹ̀dà kan.

Òfin kan wà nínú ìwé náà tí Dókítà Ògúndípẹ̀, olùkọ́ wọn, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n fi ẹnu sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má fi sílẹ̀ fún ìwé. Òfin náà ni pé tí kánsẹ́lọ̀ bá pàdé ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ níta, kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ẹni náà ni kó kọ́kọ́ kí kánsẹ́lọ̀, tó bá wù ú. Ìdí rẹ̀ kò le. Tí kánsẹ́lọ̀ bá ń kí èèyàn kiri, àwọn tó wà nítòsí á bi onítọ̀hún pé, "Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?" Àṣírí á sì tú.

Mujeebah fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ó la ẹnu, ẹnu náà kò gbé e jáde. Báwo lèèyàn ṣe máa kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà, kó dìde, kó wá sọ fún un pé, "Mà, tí mo bá rí yín lọ́jà, mi ò ní kí yín"? Ojú tì í. Ó ṣáà wà nínú ìwé, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó wá ka ìwé náà sókè, nígbà tó sì dé ibẹ̀, ó sáré kà á.

"'Olùgbaninímọ̀ràn kì yóò fi àmì ìdánimọ̀ kankan hàn sí olùgbàmọ̀ràn ní gbangba àwùjọ, àyàfi bí olùgbàmọ̀ràn fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn ìbánisọ̀rọ̀.'"

Ìyá Haneefah mi orí títí ó fi kà á tán.

"Yorùbá yìí ga o," ó wí. "Bíi ti rédíò. Níbo ni kí n kọ orúkọ sí?"

Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá, láti ọ̀tún sósì, ó rọra kọ ọ́, ó lẹ́wà. Mujeebah kó ìwé náà sínú fáìlì. Ọ̀rọ̀ tán lójú tirẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tí kò wúwo ni obìnrin náà ń sọ. Ó sọ̀rọ̀ oògùn tó ń mú ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó sọ̀rọ̀ ọmọ kan nílé kéwú tó máa ń kọ wàláà rẹ̀ lódìkejì, síbẹ̀ tó ń kà á bó ṣe yẹ. Mujeebah kò kán an lójú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó dákẹ́, ìyẹn sì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Ìyá Haneefah sọ ọ́. Kò sunkún. Fáànù ló ń wò.

"Mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Haneefah," ó wí. "Àkọ́bí mi ni. Ó fẹ́ bímọ ní Ìbàdàn, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìrun Aláásàrí ni mò ń kí lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi ń dún. Mo ní kí n kírun tán. Mo kí i tán, ó tún ń dún. Mo jókòó, mo fa tẹ̀súbà mi pé ọgọ́rùn-ún bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó dún nígbà mọ́kànlá. Ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tèmi bá tirẹ̀ mu, kí n máa bọ̀ kíá."

Ó yíjú kúrò lára fáànù.

"Àwọn dókítà sọ pé bí mo bá tiẹ̀ fò, mi ò ní bá a láyé. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Mo gbọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, mi ò kírun mọ́. Mò ń dìde, mò ń tẹ̀ ba, mò ń forí kanlẹ̀. Ẹnu mi ń mì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń ka Fátíhà lẹ́yìn mi láàárọ̀, àwọn ni wọ́n ń kà á, èmi kọ́. Tí àwọn òbí wọn bá mọ̀, ṣé wọ́n á jẹ́ kí wọ́n wá mọ́? Ilé tí ọkọ mi fi ogójì ọdún kọ́. Gbogbo àdúgbò sì ń pè mí ní Ìyá Haneefah. Láàárọ̀, lọ́sàn-án. Ìyá Haneefah, ẹ káàárọ̀."

Mujeebah, tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kò sọ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó kàn ní, "Nígbà mọ́kànlá, mà." Obìnrin náà ní, "Nígbà mọ́kànlá." Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù.

Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Tinúkẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní àfi bíi pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀. Ìyá Haneefah sọ fún Mujeebah pé òun ti sùn, pé òun sùn lẹ́yìn ìṣáì, ó sì di àsùbáà kí òun tó la ojú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìrìn àjò. Kó tó dìde, ó fi ọwọ́ pa etí ìborùn rẹ̀.

"Mò ń rò ó pé lọ́jọ́ Àtàlátà tó ń bọ̀, kí n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Fátíhà yẹn. Kí n kà á níhìn-ín, níwájú rẹ. Ìwọ kò ní fi mí ṣẹ̀sín."

"Mo máa wà níbí, mà," ni Mujeebah wí.

Ọjọ́ Àtìní tó ṣáájú Àtàlátà yẹn ló lọ sọ́jà.

Ìyá rẹ̀ ló rán an. Ṣọ́ọ̀bù Kùdírátù, aránṣọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, wà lójú ọ̀nà. Kùdírátù jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níta. Ẹnì kan jókòó ti í lórí bẹ́ǹṣì, Ìyá Haneefah sì ni. Ó wá gba híjáàbù àwọn ọmọ ilé kéwú.

Mujeebah dín ẹsẹ̀ kù. Òfin ni ó kọ́kọ́ rántí. Tí mo bá kí i, Kùdírátù á bi í pé níbo ló ti mọ̀ mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tún rántí pé obìnrin náà lè kọ́kọ́ kí òun, tó bá wù ú. Ó wá dúró níwájú wọn, ó kúnlẹ̀, ó dojú kọ Kùdírátù nìkan.

"Ẹ káàsán, mà."

"Dókítà orí," ni Kùdírátù wí. "Ṣé kò sí oògùn fún oníbàárà tó bá ní kí aṣọ fún mọ́ òun lára, tó sì tún fẹ́ kó ṣò?"

Mujeebah rẹ́rìn-ín. Ó ń dúró de àgbàlagbà kó kọ́kọ́ kí òun. Ìyá Haneefah ń dúró de ọmọdé kó yíjú sí òun. Ẹnu rẹ̀ ti là, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò kí i. Èyí kò pẹ́ ju bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe rán etí aṣọ kan lọ. Mujeebah dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ. Kò wẹ̀yìn. Ó tiẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀ nínú pé òun ṣe ohun tó le, òun sì ṣe é bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ Àtàlátà, àga kejì ṣófo. Mujeebah dúró títí di aago méjì. Ó ní bóyá òjò tó ṣú ni.

Ní kíláàsì, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ṣòro jù fún un lọ́sẹ̀ náà. Mujeebah sọ ti ọjà, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dókítà Ògúndípẹ̀ gbóríyìn fún un níwájú gbogbo wọn.

"Ó ṣòro, o sì ṣe é," ó wí.

"Èmi ò lè ṣe é láé," ni Moṣọpẹ́ wí. "Orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé òfin wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mujeebah náà rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni Fàtímọ̀ pè é sí ìdí aṣọ tó ń ká.

"Kí ni Ìyá Haneefah ṣe fún ẹ?"

"Ìyá Haneefah wo?"

"Má bi mí ní wo. Kùdírátù ló sọ fún mi. Ó ní o kúnlẹ̀ fún òun, o wá fo àgbàlagbà tó jókòó ti òun bí ẹni fo kòtò."

"Mi ò fiyè sí i ni, Màámi."

"O kò fiyè sí i. Èèyàn méjì péré ló jókòó síbẹ̀." Fàtímọ̀ fi aṣọ sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ àjèjì láti òkè ọya ló jókòó síbẹ̀, o máa kí i. Gbogbo ẹni tó bá jókòó la máa ń kí. Ta ni mo bí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mujeebah lára, ṣùgbọ́n kò tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé o mọ nǹkan tí Kùdírátù ní Ìyá Haneefah ṣe?" ni ìyá rẹ̀ tún wí. "Kò bínú. Bó o ṣe lọ tán, ó ní, 'Ó ti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.' Ó kó híjáàbù, ó lọ. Kùdírátù ní òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n."

Mujeebah mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ.

"Dìde ká lọ," ni Fàtímọ̀ wí. "Ilé kéwú wọn kò jìnnà. Wàá kúnlẹ̀, màá ní ọmọ mi ṣìwà hù ni, kí wọ́n foríjì í. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

"Mi ò lè lọ sílé wọn, Màámi."

"O ò lè?"

"Ó ní ìdí tí mi ò fi lè lọ."

"Sọ ìdí náà."

Kò lè sọ ọ́. Òfin mìíràn tún nìyẹn: kánsẹ́lọ̀ kì í lọ sílé ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó padà sí aṣọ tó ń ká.

"Ìwé ti gùn ẹ́," ó wí. "Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó pẹ́ kí Mujeebah tó rí i pé ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ohun tó nílò. Ní Ìwó, ìyá tó mú ọmọ tó rífín wá bẹ àgbàlagbà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sí ẹni tó máa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti mọra. Ìyá Haneefah náà ì bá mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀ ju ìwàkiwà ọmọdé lọ. Gbogbo rẹ̀ ì bá tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e fún un lọ́wọ́, ó ní òun kò lè gbà á.

Òfin gbà á láyè kó pe onítọ̀hún lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é. Ìyá Haneefah gbé e.

"Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú," ó wí. "Ara mi ti yá. Ẹ bá mi kí Nọ́ọ̀sì."

Obìnrin tó ń pè é ní "ìwọ" àti "ọmọ mi" fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba. Mujeebah ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́." Fóònù ti kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó lọ bá Dókítà Ògúndípẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì Kùdírátù dé orí fóònù. Olùkọ́ náà gbọ́ ọ tán.

"Ṣé o sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, mà."

"Kà á fún mi."

Mujeebah kà á. Ó ka àmì ìdánimọ̀, ó ka gbangba àwùjọ, ó dé ibi ìlẹ̀kùn ìbánisọ̀rọ̀. Bó ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé báyìí lo ṣe ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀?"

"Rárá, mà."

Dókítà Ògúndípẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi sórí tábìlì. "Nígbà tí mo gbóríyìn fún ẹ ní kíláàsì, mo rò pé o ti sọ fún wọn. Ó yẹ kí n bèèrè. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Nítorí kí àṣírí má baà tú la ṣe ní kẹ́ ẹ má kọ́kọ́ kí èèyàn. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń kí gbogbo ẹni tó bá jókòó, ẹni tó o fò gan-an ni wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. O kò rò ó?"

"Mi ò rò ó, mà."

"Lọ wá wọn. Fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn. Má mú ìwé kankan dání."

Ìyá Haneefah kò sí nílé kéwú mọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹgba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó àwọn ti lọ sinmi ní Ilé-Ogbó, lọ́dọ̀ Abdulmajeed, àbúrò obìnrin náà. Ó ní òun kò mọ ìgbà tó máa dé.

Mujeebah gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ àgbàlá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan. Ó ti rù. Mujeebah kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, lórí yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ dìde."

"Ẹ má fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀, mà."

Ìyá Haneefah yọ òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. Ìyàwó Abdulmajeed gbé omi wá, ó kí àlejò, ó wọlé padà. Nígbà náà ni Mujeebah sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa, wọ́n ní tí mo bá rí yín níta, kí n má kọ́kọ́ kí yín, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ pé ẹ ń wá sọ́dọ̀ mi. Ó yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ojú tì mí. Mo bá fi sínú ìwé, mo fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó. Ẹ ò lè mọ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbà ju mímí mẹ́ta lọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì rí i pé òun ì bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí fáànù yẹn tó yí ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn?" ni Ìyá Haneefah béèrè.

"Òun náà nìyẹn, mà."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ẹ̀wà.

"Mo rò pé o ti sọ fún wọn nílé," ó wí. "Mo rò pé ẹ ti jókòó lé mi lórí, pé obìnrin tó ń kọ́ ọmọ yín ní Kùránì, kèfèrí ni. Mo wá rò pé ìwọ tí mo sọ ọ́ fún kò tiẹ̀ lè wo ojú mi. Mo ní kí n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi pàápàá kò mọ̀."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́." Ó gbà á gbọ́ lóòótọ́, ó hàn lójú rẹ̀. "Dìde lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn. Mo ti foríjì ẹ́."

Mujeebah jókòó sétí ẹní. "Ẹ ní ẹ máa kà á níwájú mi, mà."

"Mo ti múra rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, láti ilé títí mo fi dé ọ̀dọ̀ aránṣọ, òun ni mò ń kà nínú ọkàn mi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á dé òpin." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà padà. "Mo rí ẹ tó ò ń bọ̀, mo ní, 'Ọmọ mi nìyí.'"

"Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀. Ní Ìwó, tàbí kí n máa wá síbí. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́."

"Rárá o, ọmọ mi. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, ó gbà mí lọ́dún méjì kí n tó lè gbé e dé ẹnu. Ó ti padà sínú. Mi ò lágbára láti tún gbé e."

"Ọmọ mi" tó pè é dùn ún ju "ẹ" lọ.

Wọ́n pe ìrun Aláásàrí ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Haneefah gbé àwo ẹ̀wà kúrò, ó mú búútà, ó ṣe àlùwàlá fínnífínní, ó wẹ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó wẹ ẹsẹ̀. Ó bu omi sínú búútà náà fún Mujeebah. Ìyàwó Abdulmajeed jáde pẹ̀lú ẹní ìkírun. Àwọn obìnrin mẹ́ta dúró léjìká sí èjìká, Mujeebah sì wà láàárín.

Ìrun tí wọn kì í ké sókè ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró tini máa ń gbọ́ ọ. Lápá òsì, Mujeebah ń gbọ́ ìyàwó Abdulmajeed, ó ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fi ìkòkò sórí iná. Lápá ọ̀tún, kò gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin náà dìde nígbà tó yẹ, ó tẹ̀ ba, ó forí kanlẹ̀ ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó á ní olùjọ́sìn nìyí. Nínú gbogbo ayé, Mujeebah nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Òun náà ka tirẹ̀, ó ṣì í, ó tún un kà, ó tún un ṣì.

Nígbà tí wọ́n sálámà tán, Ìyá Haneefah kò fa tẹ̀súbà. Ó ká ẹní, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀kadà fún àlejò kí òjò tó dé.

Lópin sáà, Mujeebah kó fáìlì rẹ̀ jọ. Ọgọ́rùn-ún wákàtí rẹ̀ pé. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ìyá Haneefah, wọ́n sì kà á fún un bíi ti àwọn yòókù. Fọ́ọ̀mù kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ìlà mẹ́fà sílẹ̀ fún ìdí tí ẹni náà kò fi wá mọ́. Moṣọpẹ́ tó jókòó ti í ti kọ tirẹ̀ kún, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé.

Mujeebah gbé bírò rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ́. Ìlà kan ló lò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó kọ ọ́ pé: "Mo rí wọn, mi ò kí wọn."